"Ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí?": ojú búlúù lára ọmọ dúdú

ÌYÁ ÌKÓKÓ

Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin ni, ọ̀sẹ̀ 11. Ìyá dúdú, bàbá dúdú. Awọ ọmọ dúdú, irun rẹ̀ dúdú, àfi ẹyinjú méjèèjì tó rí bí omi tí wọ́n po búlúù ìfọṣọ sí. Ìbàdàn la wà. Bí a bá ti wọ mọ́tò báyìí, "Ìyá Òyìnbó!" Bí a bá dé ọjà, "Ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí?" Àwọn míì kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á ká aṣọ kúrò lójú ọmọ, wọ́n á yọ fóònù. Àgbà kan nínú ẹbí ní kí a máa lé tìróò fún un, pé kó tó pé oṣù mẹ́fà ojú náà á dúdú.

Ìbéèrè méjì: ṣé àìsàn ni? Kí sì lèèyàn ń fèsì?

* * *

AGBẸ̀BÍ

Ti èsì ló ń dunni jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti orí àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ dúdú púpọ̀ ni wọ́n ń bí tí ojú wọn ń ṣe bí eérú, tàbí bí aṣọ aró tó ti ṣá. Kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tí ń pa ojú láró, mẹlaníìnì, kò tíì pọ̀ nínú ẹyinjú nígbà tí wọ́n bí i. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ló ń pọ̀ sí i. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni èyí tó pọ̀ jù ń yí padà, àwọn díẹ̀ á sì tó ọdún kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọ̀ náà tó dúró sójú kan. Nítorí náà, ẹni tó bá wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ níbi ìkómọ, tó ní "ojú ọmọ yìí ò dúdú tó," ẹ jẹ́ kó jẹ ìrẹsì rẹ̀ kó máa lọ.

Ti Ìyá Ìkókó yàtọ̀. Eérú kọ́ lèyí. Búlúù tó mọ́ gaara, lójú méjèèjì, lára ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú àti dókítà etí. Mi ò ṣì í kọ o, etí ni mo wí. Oníṣẹ́ Ojú, ẹ bá wa dá sí i.

* * *

ONÍṢẸ́ OJÚ

Etí ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí aró búlúù kankan nínú ojú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òyìnbó. Níbi tí mẹlaníìnì bá ti kéré, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú á fọ́n ká, búlúù inú rẹ̀ ló sì ń padà wá bá ẹni tó ń wò ó, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀run. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí mẹlaníìnì fi dé awọ ọmọ yìí tí kò dé ojú.

Bí ó bá ti rí báyìí lára ọmọ dúdú, ohun tí à ń kọ́kọ́ fura sí ni àrùn àbímọ́ kan tó ń jẹ́ Waardenburg. Orúkọ dókítà ojú ará Netherlands tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1951 ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò máa ṣe mẹlaníìnì ń ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rìn lọ sí awọ, irun, ojú àti inú etí. Bí ìrìn náà bá já lójú ọ̀nà, ibi tí wọn kò dé á fi ara rẹ̀ hàn. Bí wọn kò bá dé ojú, ojú á búlúù. Bí wọn kò bá dé iwájú orí, irun ibẹ̀ á funfun bí ewú. Bí wọn kò bá dé inú etí, ọmọ kò ní gbọ́ràn, nítorí etí inú nílò sẹ́ẹ̀lì yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní Waardenburg ló ń ya adití. Ojú kò sì lè sọ èwo ló máa yà á.

Àmì míì tí ẹ lè wò nílé: ojú kan búlúù tí èkejì dúdú, tàbí ẹyinjú kan ṣoṣo tí apá kan rẹ̀ búlúù, ewú níwájú orí, igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tó jìnnà síra ju bó ṣe yẹ, ibi tí awọ ti funfun bí ẹni da ẹfun sí i. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Ẹ béèrè ìgbẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Irú kẹrin àrùn yìí máa ń bá àìsàn ìfun tí à ń pè ní Hirschsprung rìn: ọmọ kò ní ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 48, ikùn á wú, á máa bì. Bí ọmọ ọ̀sẹ̀ 11 bá ń yàgbẹ́ dáadáa láìlo oògùn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní ti ríríran, ojú Waardenburg sábà máa ń ríran dáadáa. Àwọn tí ń káàánú ọmọ náà nínú mọ́tò pé afọ́jú ni, ó ń rí gbogbo wọn.

* * *

ỌMỌ ỌJÀ

Ẹ ti gbé e wọ ọsibítù tán. Ẹ jẹ́ ká sọ ti mọ́tò.

Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ló ń bá yín gbé ọmọ nínú dáńfó kí ẹ lè ráyè yọ owó ọkọ̀. Òun náà ló ń pariwo pé ẹsẹ̀ ọmọ ti jáde nínú ọ̀já, pé oòrùn ń pa á. Ṣé ojú nìkan ni kó wá yanu sí láìsọ̀rọ̀? Yorùbá ti ń wo ara ọmọ sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: Dàda fún irun tó ta kókó, Olúgbódi fún oníka mẹ́fà, Ọ̀kẹ́ fún ẹni tó wá nínú àpò, Ìgè fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ wáyé. "Ìyá Òyìnbó" kì í ṣe èébú. Ẹ ní "Ẹ bá wa dúpẹ́," ó parí.

* * *

AGBẸ̀BÍ

Ọmọ Ọjà, ẹ kó ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra sínú àwo kan.

"Ìyá Òyìnbó," àwàdà ni, mo gbà. "Ẹ bá wa dúpẹ́" tó o, kódà kí ìyá náà rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí?" kì í ṣe àwàdà. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá. Ìyá tó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa sẹ́ẹ̀lì àti oyún nínú mọ́tò, ó ti ń rojọ́ fún ẹni tí kì í ṣe adájọ́, gbogbo ọkọ̀ á sì dá sí i kí wọ́n tó dé Mọ́kọ́lá. "Èmi ni mo bí i, mà." Kí ó wo iwájú. Ẹ má gbàgbé "mà" yẹn. Bí ìyá ọmọ bá gé e kúrú láìfi í kún un, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ojú ọmọ, á di "ẹ wo bó ṣe ń dá mi lóhùn."

Ẹ̀kẹta ni "emèrè ni," "ọmọ inú omi ni," "wọ́n ti fi àmì sí i lára lọ́run." Èyí ò bá àwọn tó kù pé. Ẹni tó ń wí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ibì kan tó fẹ́ mú yín lọ. Ẹ ní "Ẹ má fi ẹnu yín wí bẹ́ẹ̀ sí ọmọ mi mọ́," kí ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ará ilé ló ń wí i, kí ọmọ má sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má sì bá a lọ síbi àdúrà láìsí ìyá. Gbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ ẹlòmíì sín, àgbo tí wọ́n rọ sí ọmọ oṣù méjì lọ́fun, omi odò òwúrọ̀ tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́: àwọn nǹkan tí ń pa ọmọ nìwọ̀nyí, ojú búlúù kì í pa ọmọ.

Ní ti ọwọ́: àlejò kò gbọ́dọ̀ fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ọmọ wò. Wọ́n ń ṣe é o! Owó ni ọwọ́ yẹn kà tán, ata ló kó sínú ike. Ẹ pọ̀n ọ́n kí ojú rẹ̀ kọ sí apá tí ẹ̀yin fúnra yín ń wò, tàbí kí ẹ gbé e sí àyà nínú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni mà, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ má da ìborùn bò ó lójú pátápátá nítorí wọn. Inú ọkọ̀ gbóná, èémí ọmọ kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọmọ gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan kó tó lè kọ́ bí a ṣe ń ríran.

* * *

ONÍṢẸ́ OJÚ

Agbẹ̀bí fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò kan wà tó yẹ kí ìyá dúró gbọ́ bó tilẹ̀ dùn ún: "Ojú ọmọ yín ń tàn bíi ti ológbò." Kí ẹ tó bínú, ẹ bi í: níbo ló ti ń tàn?

Ẹ sún mọ́ ojú ọmọ yín báyìí. Funfun wà. Òrùka aláwọ̀ wà láàárín funfun. Ihò dúdú kékeré wà láàárín òrùka, òun là ń pè ní ọmọlójú. Òrùka lè búlúù, ó lè pọ́n bí oyin, kò sí èyí tó kan ìríran níbẹ̀. Ọmọlójú gbọ́dọ̀ dúdú. Bí ọmọlójú bá funfun, tàbí tó ń kọ yẹ̀ẹ̀ bíi dígí nígbà tí iná bá bọ́ sí i, nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ cataract, ìyẹn ni kí dígí inú ojú di funfun. Ó lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú tó sábà máa ń mú ọmọ kó tó pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí retinoblastoma bá ṣì wà nínú ẹyinjú, ẹ̀mí ọmọ ṣeé gbà, ojú pẹ̀lú nígbà míì. Ṣùgbọ́n kò dun ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ilé àdúrà àti ilé alágbo títí ẹyinjú á fi máa yọ síta.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó nílé: yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹnì kan gbé ọmọ, ẹni tó mú fóònù dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wọn. Ẹ tan fíláàṣì. Bí fóònù bá ní ètò tí ń nu pupa ojú, ẹ pa á. Ẹ pe ọmọ kó wo fóònù tààrà, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, márùn-ún. Bí ọmọlójú méjèèjì bá rí bákan náà, pupa tàbí dúdú, ó dáa. Bí ọ̀kan bá funfun nínú fọ́tò tó ju ẹyọ kan lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Bí ọmọ bá wo ẹ̀gbẹ́, iná lè bọ́ sí ibi tí iṣan ojú ti wọlé, kí ó funfun láìsí àìsàn, ìdí tí mo fi ní kó wo tààrà nìyẹn. Fọ́tò tó dáa kò sì rọ́pò dókítà, torí òun á pa iná yàrá, á fi tọ́ọ̀ṣì ojú wo ẹ̀yìn ẹyinjú, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ìyìn náà lè fi nǹkan pamọ́. "Ojú ọmọ yìí mà tóbi o, ó rẹwà!" Bí ojú náà bá ń tóbi sí i, tí omi ń dà níbẹ̀ láìsunkún, tí ọmọ ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí búlúù ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì bíi dígí tí èémí fẹ́ lù, glaucoma àbímọ́, àìsàn tí omi inú ojú fi ń tì í láti inú, ni kí ẹ fura sí. Búlúù Waardenburg mọ́ kedere, ẹ lè ka ìlà inú rẹ̀. Búlúù glaucoma ṣókùnkùn bí èéfín. Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn, èkejì kò sì gbọ́dọ̀ dúró di oṣù tó ń bọ̀.

* * *

ÌYÁ ÌKÓKÓ

Ọmọlójú dúdú, méjèèjì. Mo ti yà á. Kí la ṣe ti tìróò o? Wọ́n ti rà á wá.

* * *

AGBẸ̀BÍ

Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ fi sínú àpótí. Òjé ló pọ̀ jù nínú tìróò púpọ̀. Ọmọ á fi ọwọ́ pa ojú, á fi ọwọ́ sẹ́nu, òjé á wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ló sì ń bàjẹ́. Kò lè yí àwọ̀ ẹyinjú padà, nítorí ìpéǹpéjú ló ń dúdú, kì í ṣe òrùka inú ojú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ọmú, omi iyọ̀, omi ṣúgà, ìtọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ àti oje ewé: ẹ má kán wọn sí i lójú. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan nítorí omi ọmú. Oúnjẹ tó dára jù fún ọmọ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnu ni. Bí ojú ọmọ bá ń ṣe ìpin tó nípọn lóṣù àkọ́kọ́, pàápàá láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, tí ìpéǹpéjú wú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn, torí àrùn kan wà tó lè lu ẹyinjú jo láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa sọ fún àgbà tó rà á: "Dókítà ojú ní kí nǹkan kan má kàn án, mà, títí àwọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ fi dókítà bojú. Kò sí àgbà tó máa bá yín jà lórí ìyẹn.

* * *

BÀBÁ ỌMỌ

Ẹ má fo ti ẹbí ọkọ. Níbi tí à ń wí yìí, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n lọ ṣe DNA, àyẹ̀wò tí ń sọ ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ.

* * *

ONÍṢẸ́ OJÚ

Ojú búlúù kì í jẹ́rìí lòdì sí ìyá. Ẹ rò ó wò: bí ó bá jẹ́ pé òyìnbó ni bàbá ọmọ, awọ ló máa kọ́kọ́ tú u fó, ojú ọmọ náà á sì sábà dúdú tàbí pupa rúsúrúsú bíi ti ìyá. Awọ dúdú pẹ̀lú ojú búlúù kò tọ́ka sí òyìnbó kankan.

Ibi méjì ni Waardenburg ti ń wá. Nígbà míì ara ọmọ náà ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sí nínú ìyá, kò sí nínú bàbá. Nígbà míì òbí kan ní in láìmọ̀. Nítorí náà, dípò DNA, ẹ bi ẹbí méjèèjì: ta ni ewú yọ níwájú orí kó tó pé ọdún 30? Ta ni etí rẹ̀ kan kò gbọ́ láti kékeré? Ta ni ojú rẹ̀ méjèèjì kò bára mu? Ẹnu á dákẹ́ kíákíá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni ewú ti yọ lórí láti ilé ìwé gíga.

Bí òbí kan bá ní irú èyí tó wọ́pọ̀, oyún kọ̀ọ̀kan dà bí ẹyọ owó tí a jù sílẹ̀: ó lè dojú dé, ó lè ṣíjú, ti oyún àná kò kan ti òní. Ní 2020, fọ́tò ìyá kan ní Ìlọrin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, gbogbo wọn pẹ̀lú ojú búlúù. Ẹyọ náà ṣíjú lẹ́ẹ̀mejì fún un nìyẹn.

DNA tí ọkọ àti ìyàwó bá fẹ́ ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ilé wọn, tiwọn ni. Kí wọ́n má dá ojú ọmọ lẹ́bi.

* * *

ARÁ PECKHAM

Ti ìlú òyìnbó, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ń bọ̀ lódìkejì. Ìyá dúdú tó bá bí ọmọ aláwọ̀ mímọ́, wọ́n á bi í ṣé òun ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú ọmọ náà. "Èmi ni ìyá rẹ̀," tààrà. Kò sí "mà" níbí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí jù kì í ṣe ojú, ìdí ọmọ ni. Àmì búlúù bí aró tó wà ní ìdí tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ dúdú, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì nílé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé wọ́n lu ọmọ ni. Ọmọ ti ń ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú Red Book, ìwé ìlera ọmọ: ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó, ọjọ́ tó rí i. Bí agbẹ̀bí bá gbàgbé, kí health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé, kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ilé ìtọ́jú ọmọdé. Bí ẹni lù ú bá ni, á yí àwọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, á sì dun ọmọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àmì àbímọ́ kì í dunni, kì í yí, ọdún mélòó kan ló máa fi ṣá.

* * *

ỌMỌ ỌJÀ

Kí ẹ tó padà sórí ojú: òtítọ́ ni pé bí a bá wo etí ọmọ tuntun a ó mọ bó ṣe máa dúdú tó? Gbogbo ìyá ọjà ló ń wò ó.

* * *

AGBẸ̀BÍ

Wọ́n ń súnmọ́ ọn. Orí etí àti ẹ̀bá èékánná máa ń ṣáájú ara tó kù dúdú, torí náà ó ń fi ọ̀nà hàn, kò kàn ń sọ iye. Aburú tó wà níbẹ̀ ni ìpara. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé "ọmọ yìí á dúdú bíi kóró iṣin," á wá ìpara tí ń mú ọmọ mọ́ra lọ. Awọ ọmọ fẹ́lẹ́, ohun tí a bá fi pa á ń wọlé sára ju ti àgbà lọ.

Orí gígùn àti imú pẹlẹbẹ náà, wọ́n máa ń dá sí i, bàbá àti ìyá ọmọ á sì ní kí ìyá àgbà fi omi gbígbóná nà án. Orí tí ojú ọ̀nà ìbí tẹ̀ ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tẹ àwújẹ̀. Bí àwújẹ̀ bá wọnú, omi ara ọmọ ń tán lọ. Bí ó bá wú sókè tí ọmọ ń gbóná, ẹ má dúró wẹ̀ ẹ́ rárá, ilé ìwòsàn.

Ojú pípọ́n bíi pupa ẹyin náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ó pupa bíi bàbá rẹ̀" tù yín nínú. Ibà pọ́njú tó bá yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ. Sísá ọmọ sóòrùn kò tó, omi gúlúkóòsì kò ṣe nǹkan kan. Kàfúrà tí ẹ kó sáàárín aṣọ ọmọ lè dá ibà pọ́njú yìí sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá bá kàfúrà mu, torí náà ẹ kó o jáde kí wọ́n tó bí i, kí ẹ tún gbogbo aṣọ náà fọ̀.

* * *

ÌYÁ ÀFÍN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya tiwa sọ́tọ̀, torí wọ́n máa ń pe ọmọ Ìyá Ìkókó ní àfín, wọ́n sì ń pe àfín ní òyìnbó. Àfín, awọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí oyin tàbí kó búlúù ṣá. Kì í ṣe pupa, iná fóònù ló ń mú un pupa. Iṣẹ́ ojú àfín ló sì ṣòro: láti bí oṣù kejì, ìkẹta, ẹyinjú á máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, kò ní ríran jìnnà. Ọmọ awọ dúdú tí ẹyinjú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, tó ń tẹ̀lé ojú ìyá rẹ̀, kì í ṣe àfín bíi tiwa.

Ti àfín: kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, òjìji, fìlà alétí gbòòrò, aṣọ apá gígùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìpara ààbò oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 sókè sí lára, kí ẹ fi pa á kí ẹ tó jáde, kí ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Dókítà ojú kó tó pé ọdún kan. Iyọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó jẹ ọbẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Àwọn tí ń wí pé ẹni òrìṣà ni, tí wọ́n ń fi orúkọ Ọbàtálá bù kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó dáa ju "òyìnbó" lọ.

* * *

ÌYÁ ÌKÓKÓ

Ó ń tẹ̀lé ojú mi dáadáa. Mo sì pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá etí rẹ̀, ó ta gìrì. Ṣé kò tó?

* * *

ONÍṢẸ́ OJÚ

Kò tó. Atẹ́gùn àtẹ́wọ́ ló bà á lójú, tàbí ó rí ọwọ́ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ló mì, bẹ́ẹ̀dì náà mì, ara rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ fara pamọ́ tí ẹ fi ṣíbí lu agolo, ọmọ tí etí rẹ̀ kan dì á fi èkejì gbọ́ ọ, ẹ ó ní kò sí nǹkan. Ọdún méjì á ti lọ kí ẹ tó rí i pé ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àyẹ̀wò méjì ló wà. OAE: wọ́n á ti ohun rírọ̀ kékeré bọ etí, á dún tìn-tìn, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn tí etí inú ń dá padà. Ìdọ̀tí etí tàbí ariwo yàrá lè mú un kùnà lásán, wọ́n á tún un ṣe. ABR: wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, láti mọ̀ bóyá ohùn dé ọpọlọ. Fún irú ojú yìí, ẹ béèrè fún ABR kódà bí OAE bá dáa, kí wọ́n sì ṣe etí ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Ìbùdó ìlera àdúgbò lè máà ní in. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ béèrè, bíi UCH ní Ìbàdàn níbẹ̀.

Ètò tí à ń tẹ̀lé ni 1, 3, 6: kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù kan, kí wọ́n ti mọ̀ dájú kó tó pé mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé mẹ́fà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí èdè ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ 11 yín ti ń lọ sí oṣù kẹta.

* * *

ÌYÁ ÌKÓKÓ

Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ Tuesday. Wọ́n ní kí ọmọ sùn nígbà àyẹ̀wò. Ọmọ yìí kì í sùn níta!

* * *

AGBẸ̀BÍ

Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú mọ́tò. Ẹ máa bá a ṣeré, ẹ fi omi tutù nù ún lẹ́sẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá ń pa dé. Ẹ má fún un lọ́mú láti nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú. Bí wọ́n bá ti pè yín wọlé, ẹ jókòó, ẹ fún un lọ́mú níbẹ̀, kí ó yó, kí ó sùn sórí àyà yín, wọ́n á ṣe é láìgbé e kúrò. Ẹ má fi òróró pa á lórí láàárọ̀ yẹn, nǹkan tí wọ́n ń lẹ̀ kò ní dúró. Yẹtí rẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́. Ẹ mú aṣọ ìbora dání, yàrá náà máa ń tutù.